Òkìtì Tó Ń Wo Odò

Ẹni tó bá pe èyí nírọ́, kó wọkọ̀ lọ sí Ìṣẹ̀rí-Olófin, kó béèrè òkìtì ilé Olúsànyà. Ó ṣì wà níbẹ̀. Kó wo ibi tó kọjú sí.

Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ ló mọ ọ́n. Wọ́n kó erùpẹ̀ jọ títí ó fi ga ju orí èèyàn lọ, wọ́n fi òkúta yí i ká, wọ́n sì fi ẹnu kan sílẹ̀ láàárín òkúta ńlá méjì. Ẹnu yẹn dojú kọ odò. Àwọn òkú tó sùn síbẹ̀ máa ń jáde lọ mumi ní ìdájí. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kì í kọ́ nǹkan sáàárín òkìtì àti odò, ì báà ṣe ilé adìẹ. Ẹsẹ̀ òkìtì náà ni wọ́n sin ìyá Ọláwùmí, ọmọ ilé Olúsànyà, sí.

Lọ́dún 2011, Akínbọ́lá, ẹ̀gbọ́n Ọláwùmí, ta gbogbo ilẹ̀ etí odò. Ojú ò tì í! Àwọn tó rà á ò fẹ́ máa rí sàréè láàárọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ fẹ́ǹsì yí òkìtì ká.

"Bọ̀ọ̀dá, ibo ni kí Màámi gbà lọ sódò?" Ọláwùmí fi ìbínú béèrè.

"Wùmí, òkú ló ń wá omi kiri? Fi mí sílẹ̀ jàre."

"Ẹ ta á, ẹ ò bi ẹnikẹ́ni!"

"Ó dáa. Màá ní kí wọ́n fi géètì sílẹ̀. Ṣé ó tán?"

Ọláwùmí gbà. Kò béèrè ibi tí géètì máa kọjú sí. Ibẹ̀ ló ti ṣìṣe.

Ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n fi géètì sí, ní ọ̀kánkán ilé Ọláwùmí.

Ọyẹ́ mú lọ́sẹ̀ tí wọ́n parí iṣẹ́. Ọláwùmí ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀, àkùkọ ò kọ. Géètì ṣí sílẹ̀. Òkúta méjì tó ti ń wo odò látayébáyé ti yíjú sí títì. Ẹnu òkìtì ń wo ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbẹ́lẹ̀. Koríko ìdí òkúta ò tilẹ̀ tẹ̀.

Dúrọ́ọ̀mù omi rẹ̀ tó kún lálẹ́ ti gbẹ. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò tutù. Ó pọn òmíràn. Ilẹ̀ mọ́, ó tún gbẹ.

Wọ́n ní ẹni tó bá ṣe ohun tí ẹnìkan ò ṣe rí, ojú rẹ̀ á rí ohun tí ẹnìkan ò rí rí. Akínbọ́lá ló ṣe é. Ta ni ojú rẹ̀ wá ń rí i?

Inú bí Ọláwùmí gidi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pariwo sí òkìtì.

"Èmi tí mo gbèjà yín? Akínbọ́lá ní bọ̀ọ̀hòlù! Ẹ lọ bá a!"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò pọnmi. Ó dojú dúrọ́ọ̀mù délẹ̀.

Ní ìdájí, ọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ará ilé.

"Ta ni?"



"Wùmí." Ohùn náà ti ha. Ohùn ìyá rẹ̀ ni.

"Màámi?"

"Omi díẹ̀, ọmọ mi."

Ìbínú Ọláwùmí ti mú kó gbàgbé pé ìyá òun wà lára wọn. Ó sáré gbé dúrọ́ọ̀mù dìde, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀. Kò sí ẹ̀kán kan níbẹ̀.

Wọ́n tún kan ilẹ̀kùn. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo.