Ohun Tí Ó Wà Nínú Kànga

"Ẹ rọra, omi á kárí!" Aránṣọ ju garawa sí kànga. Ọjọ́ kẹta rèé tí omi ẹ̀rọ ti lọ, gbogbo àdúgbò sì ti gbé ike wá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dé kànga náà pa.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Akọ̀wé, dúró sẹ́yìn èrò. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára garawa náà.

Tíṣà wọn ló ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan máa kó ìdọ̀tí ilé rẹ̀ wá wọ̀n lọ́jọọjọ́ Ẹtì. Ilé tó bá dín tirẹ̀ kù jù ni yóò gba ìwé ẹ̀rí. Akọ̀wé kò sọ fún Aránṣọ ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n dín ọ̀rá rírà kù. Ọgbọ́n àgbọ́njù ló gbọ́n. Ó ń di ìdọ̀tí sí ọ̀rá, ó ń fi àjákù aṣọ so ó lẹ́nu, ó ń ṣí ìdérí kànga, ó ń jù ú sínú rẹ̀. Ilé wọn ló gbapò kìíní. Ìwé ẹ̀rí ọ̀hún ni ìyá rẹ̀ fi ń yangàn fún oníbàárà.

Garawa gòkè. Ọmọ aládùúgbò wọn, tí kò ju ọdún mẹ́rin lọ, ti ki ife bọ̀ ọ́.

"Má mu ún!" Akọ̀wé fò síwájú, ó gbá ife náà dànù.

Gbogbo ènìyàn yanu. "Kí ló dé? Ṣé orí ẹ pé ṣá?" ni ìyá rẹ̀ wí. Aránṣọ ju garawa padà. Òórùn ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni ọ̀rá dúdú kan, tí wọ́n fi àjákù aṣọ olódòdó so lẹ́nu.

"Yéè! Aṣọ mi kọ́ nìyí?" Tíṣà ni, lórí ìlà, pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Aṣọ yẹn gan-an, tí Aránṣọ rán fún un, ló wọ̀.

"Èmi ni, Mà," ni Akọ̀wé wí. Ó bú sẹ́kún.

Ìyá rẹ̀ kò nà án. Ó wọlé, ó já ìwé ẹ̀rí lára ògiri, ó dá a padà fún Tíṣà níṣojú gbogbo wọn. Ìyẹn dun Akọ̀wé ju pàṣán lọ. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn agbẹ́kànga fi fọ ibẹ̀, tí àdúgbò ń rìn jìnnà lọ pọnmi.

Aránṣọ fi àjákù aṣọ rán àpò ọjà, kí wọ́n má baà máa ra ọ̀rá mọ́. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, ìdọ̀tí wọn ló wúwo jù ní kíláàsì. Akọ̀wé kọ ọ́ bó ṣe rí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fúyẹ́. Ó ti wá yé e: ìdọ̀tí tí a fi pamọ́ kò dín kù, èyí tí a kò rà wọlé ló dín kù.

Ṣùgbọ́n títí dòní, bí ọmọ kékeré yẹn bá gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, á kọ́kọ́ wojú rẹ̀: "Àǹtí, ṣé kí n mu ún?"