Ìdáhùn Tó Wà ní Àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Aránṣọ

Ìyá Aránṣọ rán ẹ̀wù kan ní apá mẹ́ta. Oníbàárà nà án sókè, gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ta ló ni apá kẹta yìí? Ṣé ti ọkọ mi ni?"

Ká ní ilẹ̀ lanu, ọmọ rẹ̀ obìnrin ìbá kó sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ìyá pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá béèrè rẹ̀, á ní, "Wọ́n rìnrìn àjò." Ìyá á sì máa gbọ́ ọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò tó gbọ́ nípa ẹ̀wù náà ló ní kí ọmọ mú ìyá lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ kan ní ọsibítù, ẹni tó ń fi ìbéèrè àti iṣẹ́ ọwọ́ wádìí bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ gbọ́ "ìbéèrè", ó rò pé ìdánwò ilé ìwé ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ́ ìyá ní ọjọ́, oṣù àti ọdún. Nígbà tí kò dúró sí ìyá lórí, ó fi báírò kọ ọ́ sí ìyá ní àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ rọra máa yọ́jú wò ó, màmá. Wọn ò ní lè sọ pé ẹ ti ń ṣarán."

Onímọ̀ náà béèrè ọjọ́ tí òní jẹ́. Ìyá wo ọwọ́, ó dáhùn geere.

"Ẹ ya ojú aago fún mi, màmá."

Èyí ò sí lọ́wọ́. Ìyá kó gbogbo nọ́ńbà jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ìgbà tí bọ́tìnì dà sílẹ̀. Ọmọ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Má tẹ̀ mí pa o!" ni ìyá wí.

"Kí ló wà lọ́wọ́ yín, màmá?" ni onímọ̀ náà béèrè.

Ìyá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. "Ọmọ mi ló kọ ọ́. Ẹ má bá a wí. Ojú ń tì í nítorí mi ni."

Ọ̀rọ̀ náà gún ọmọ bí abẹ́rẹ́. Kò lè gbórí sókè.

"Àǹtí, kò sẹ́ni tó ń gba òdo níbí," ni onímọ̀ náà wí. "Bí ẹ bá ń bá wọn dáhùn, ọpọlọ tiyín ni mò ń yẹ̀ wò. Mo fẹ́ mọ ohun tó ti lọ, àti ohun tó ṣẹ́ kù."

Nígbà tí wọ́n padà wá lọ́jọ́ mìíràn fún àyẹ̀wò tuntun, àtẹ́lẹwọ́ ìyá mọ́ tónítóní. Àyẹ̀wò yìí àti èyí tí dókítà ọsibítù náà ṣe fẹnu kò: àrùn ìgbàgbé ni.

"Ìwọ̀n àti ètò iṣẹ́ ló ń dàrú mọ́ wọn lójú," ni onímọ̀ náà ṣàlàyé, "àmọ́ ọwọ́ wọn ṣì mọ abẹ́rẹ́. Ẹ gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ wọn, ẹ fún wọn ní etí aṣọ kí wọ́n máa ká a. Iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá gbàgbé, ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ ṣáà tún un sọ. Kò sí oògùn tó lè wò ó tán, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tó bá a mu á jẹ́ kí ayé dẹ̀ wọ́n lọ́rùn."

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ gbé àga ìyá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ káàbọ̀, màmá! Ìrìn àjò ńkọ́?" ni oníbàárà kan kí i.

Ìyá wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Wọn ò lọ síbì kankan," ni ọmọ wí. "Èmi ni mo fi wọ́n pamọ́."

Ẹ̀yin ará, bí àgbàlagbà yín bá ń béèrè ohun kan náà léraléra, tó ń ṣìnà ládùúgbò rẹ̀, tàbí tí iṣẹ́ tó ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́ ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ má kàn sọ pé ogbó ni. Ẹ tètè mú un lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ rí nílé fún àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ìtìjú kì í wo àìsàn, ńṣe ló ń fi ẹni tó ń ṣàìsàn pamọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé.