Kọ̀ǹpútà Tí Aago Rẹ̀ Ń Sáré

Ìjà ni obìnrin ayàwòrán-ilé ibi iṣẹ́ wa àti ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fi bẹ̀rẹ̀. Tábìlì mi ló sún mọ́ ti ayàwòrán-ilé jù, nítorí náà kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Ẹ̀yin lẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, àbí? Fáìlì gbogbo ènìyàn ń ṣí, tèmi nìkan ni kò ṣí!"

Inú àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá kan tí wọ́n so pọ̀ ní yàrá tútù ìsàlẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wa wà. Orí tábìlì la ti ń ṣí i. Ọkùnrin náà yẹ wáyà wò, ó yẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wò, kò sí àléébù. Ìgbà tó wo igun ojú kọ̀ǹpútà ló rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ti aago yìí síwájú?"

"Èmi ni. Kí ló kàn yín?"

"Ó kàn mí o. Tí aago yín ò bá ti bá ti ìsàlẹ̀ mu, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ yín rí. Wọn ò ní fún yín ní nǹkan kan."

Ni ayàwòrán-ilé bá sọ òótọ́. Ìyá rẹ̀ kò lè dá rìn mọ́. Bí aládùúgbò tó ń bá a jókòó bá ti lọ, kò sẹ́ni tí yóò gbé e kúrò lórí àga. Ẹ̀rù kó má baà pẹ́ ló ń bà á tó fi ti aago síwájú.

Ọkùnrin náà dá aago padà. Láti ọjọ́ náà, tí àkókò àtilọ bá ti tó, á gòkè wá.

"Ẹ dìde, Màmá ń retí yín."

Kò pẹ́ tó fi di "Olólùfẹ́ mi, dìde." Èmi ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà ló da omi tútù sí wọn lọ́kàn. "Àbúrò mi, ìyàwó lo fẹ́ fẹ́, àbí ìyàwó pẹ̀lú ìyá rẹ̀? Òkè pátápátá lò ń gbé. Ta ni yóò máa pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn?"

Ayàwòrán-ilé gbọ́, ó sì sunkún lójú mi. "Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ mi ò lè fi ìyá mi sílẹ̀."

Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà kàn ní, "Mo ti gbọ́," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò gòkè wá mọ́. Mo pè é ní ojo nínú ọkàn mi.

Àfi bó ṣe yọ sí wa lọ́sẹ̀ kejì, tí ọwọ́ rẹ̀ bó yánnayànna. Ó ní òun fẹ́ rí Màmá. Mo tẹ̀ lé wọn. Ojúmìító kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

"Mà, mo ti kó kúrò lókè. Ibi tí mo wà báyìí ò ní àtẹ̀gùn rárá. Mo ti tún yàrá yín ṣe."

Màmá wò ó tìyanutìyanu. "O ti kó ẹrù tán? Ta ló dá ọ lóhùn?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

"Tá a bá wá ní a ò fẹ́ ńkọ́?"

"Màá ṣì máa gbébẹ̀, mà. Mi ò ní fún ẹlòmíì ní yàrá yẹn."

 Màmá bá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ, kí lò ń wò? Lọ di ẹrù mi."