Ìgbà Méje, Ọ̀kan Pẹ̀lú Erùpẹ̀

"Ọ́ńkù! Ọ́ńkù onífìlà funfun! Ẹ dákun, ẹ dúró níbẹ̀!"

Zaiton ti pariwo kó tó mọ̀ pé òun ń pariwo. Ọkùnrin náà dúró, ó wẹ̀yìn, ó wá nàka sí àyà ara rẹ̀ bíi pé, ṣé èmi?

"Ẹ̀yin náà ni. Tíréè yín yẹn, pẹpẹ wo lẹ gbé e sí?"

Pẹpẹ méjì tí wọ́n ń dá tíréè padà sí ló wà nínú ọjà oúnjẹ àdúgbò Toa Payoh yẹn, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Aláwọ̀ ewé ni ti oúnjẹ Mùsùlùmí, aláwọ̀ ọsàn ni ti oúnjẹ gbogbo èèyàn yòókù. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n. Àgbàlagbà Ṣáínà yìí, pẹ̀lú gbogbo ewú orí rẹ̀, gbé abọ́ núdùsì ẹlẹ́dẹ̀ lé pẹpẹ aláwọ̀ ewé. Egungun ẹlẹ́dẹ̀ ṣì wà nínú abọ́ náà, ó ń wo Zaiton lójú.

"Háà! Ẹ má bínú, Àǹtí. Róbọ́ọ̀tì yẹn ni mò ń wò."

Ká sọ òótọ́, kò sẹ́ni tí kì í wò ó. Ó máa ń yí ká láàárín àwọn tábìlì, á máa gba tíréè, á máa kọrin, á máa bẹ àwọn èèyàn ní èdè mẹ́rin pé kí wọ́n yà fún òun. Àwọn ọmọ ibí ló ṣe é. Àwọn àlejò ń ti òkè òkun wá ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn tó ń nu tábìlì, tí Zaiton wà lára wọn, Àbúrò ni wọ́n ń pè é.

"Wàyí o," ọkùnrin náà ní, "kí la máa ṣe sí i? Ṣé kí n bá yín fọ ibẹ̀ ni?"

"Tó bá jẹ́ ìkòkò mi lẹ gbé e sí, ìgbà méje la máa fọ̀ ọ́, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ọ̀kan pẹ̀lú erùpẹ̀."

"Erùpẹ̀?"

"Erùpẹ̀ tó mọ́."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Méje! Àǹtí, ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì? Ilé iṣẹ́ omi ni mo wà. Omi tí gbogbo wa dànù, ti ìwẹ̀, ti ìfọṣọ, ti ilé ìgbẹ́ pàápàá, ẹ̀ẹ̀mẹta péré là ń sẹ́ ẹ, á sì mọ́ ju omi òjò lọ! Orílẹ̀-èdè tí kò tó nǹkan lórí máàpù, tí kò ní odò ńlá, tí kò ní òkè gíga, ẹ wá wo ohun tá a ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta fún gbogbo ìlú. Ẹ̀yin wá ní méje fún ìkòkò kan."

"Ẹ̀yin lẹ wá ń sẹ́ ìtọ̀ fún wa mu?"

"Èmi ni."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gbé abọ́ yín kúrò lórí pẹpẹ mi."

Lọ́jọ́ kejì ọkùnrin náà padà wá, ó gbé láílọ́ọ̀nù kékeré kan dání. Ó gbé e síwájú Zaiton bí ẹni gbé góòlù.

"Erùpẹ̀ tó mọ́," ó ní. "Ìdí òdòdó ìsàlẹ̀ ilé wa ni mo ti bù ú. Mo yọ gbogbo òkúta inú rẹ̀."

Zaiton rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí bàbá ọmọ rẹ̀ ti kú, kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Boon Teck lorúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni, kò gbéyàwó rí. Ẹ̀rọ omi ló fẹ́, bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé lókè kọkànlá, nínú ilé gogoro tó wà lẹ́yìn ọjà náà.

Zaiton ní tiẹ̀, yàrá kan ló ní. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, rédíò ló ń kí i káàbọ̀. Á se ìrẹsì ife kan, á jẹ ẹ́ lórí ìdúró nídìí sítóòfù, torí pé téèyàn bá tẹ́ tábìlì fún ẹnì kan ṣoṣo, ńṣe ni àga kejì yẹn á máa woni. Syafiqah ọmọ rẹ̀ wà ládùúgbò Sengkang lọ́hùn-ún pẹ̀lú ọkọ. Ó ń wá lọ́jọ́ Àìkú, ojú rẹ̀ á wà lórí fóònù.

Báyìí ni Boon Teck ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nítòsí pẹpẹ aláwọ̀ ewé. Ó fi núdùsì ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀, ó ń jẹ ìrẹsì àgbọn ní ṣọ́ọ̀bù àwọn Màláyù. Tí Zaiton bá fẹ́ sinmi díẹ̀, Boon Teck á fẹsẹ̀ ti àga fún un.

"Ọ̀gá Omi, ẹ ò nílé ni?"

"Mo nílé. Kò sẹ́ni tó ń bú mi níbẹ̀ bó o ṣe ń bú mi."

Lójoojúmọ́ ló ń mú ìgò kékeré kan lára omi tí wọ́n sẹ́ yẹn wá fún un, irú tí wọ́n ń pín lọ́jọ́ òmìnira. Zaiton á mu ún, á fún ojú pọ̀.

"Ó dùn," á ní. "Mo mọ ìtọ̀ ẹni tí mo mu lónìí."

"Tèmi ni. Mo fi ṣúgà sí i fún ẹ."

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé ìwé. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́, ẹ ò rí i? Zaiton mọ̀. Ó ti ń fi àtíkè sójú kó tó lọ nu tábìlì.

Lọ́jọ́ kan Boon Teck ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀.

"Zaiton, ó ti sú mi kí n máa dá jẹun."

"Ìyá yín ńkọ́?"

"Aago márùn-ún ni wọ́n ń jẹun alẹ́, wọ́n á lọ sùn. Zaiton, fẹ́ mi. Mo ti lọ béèrè ní mọ́ṣáláṣí. Màá gba ẹ̀sìn. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́ mi, orí mi ò sì kú."

Zaiton ká aṣọ ìnutábìlì rẹ̀ sí méjì. "Ẹ̀yin fúnra yín ò burú," ó ní. "Ẹ mú mi lọ bá màmá yín ná."

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n lọ. Ìyá náà, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ti ń retí wọn. Ó ti dín ẹyin. Inú agbada irin ńlá kan ló ti dín in, agbada dúdú tó ń dán bíi bàtà sójà. Ó bu ẹyin sáwo, ó tì í sọ́dọ̀ Zaiton.

"Jẹun, ọmọ mi." Èdè Màláyù àtijọ́ ló fi sọ ọ́, tí àwọn àgbà ń sọ lọ́jà.

Zaiton gbé ṣíbí. Òórùn ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ń bọ̀ láti ara agbada yẹn. Ó gbé ṣíbí náà padà sílẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Mo ti yó."

Ìyá náà fa àwo ẹyin padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ṣé o rò pé mi ò mọ̀? Kí wọ́n tó kó wa wá sínú àwọn ilé gíga yìí, Màláyù ló wà lápá ọ̀tún ilé wa, fún ogún ọdún. Tí wọ́n bá ń ṣọdún, wọ́n á gbóúnjẹ wá, a máa jẹ ẹ́. Tí àwa bá ń ṣe tiwa, ọsàn là ń kó fún wọn, ọsàn tí a ò tíì bó, torí wọn ò lè jẹ nínú ìkòkò wa. Mi ò bínú rí. Ṣùgbọ́n aládùúgbò nìyẹn. Ìwọ fẹ́ jẹ́ ìyàwó. Ṣé ọsàn ni kí n máa kó fún ìyàwó ọmọ mi títí màá fi kú?"

"Màmá, màá fọ agbada náà," Boon Teck ní. "Ìgbà méje ni, ọ̀kan pẹ̀lú erùpẹ̀. Á ti mọ́ nìyẹn."

"Fọ èwo?" Ìyá náà ti dìde, ó ti gbá agbada mọ́ àyà. "Ìyá mi ló gbé e fún mi lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ. Ó lé lọ́gọ́ta ọdún tí òróró ti ń wọ̀ ọ́ lára kó tó dúdú báyìí. Oúnjẹ tí bàbá ẹ jẹ kẹ́yìn, inú ẹ̀ ni mo ti sè é. O fẹ́ fi erùpẹ̀ ha bàbá ẹ kúrò? Tó o bá gba ẹ̀sìn wọn, ta ló máa sun tùràrí àwọn òkú fún un? Ta ló máa sun ún fún mi tí mo bá kú?"

Nídìí lífìtì, Zaiton ò jẹ́ kí Boon Teck sọ̀rọ̀.

"Má fọ agbada ìyá ẹ nítorí mi."

"Zaiton."

"Ìyá ẹ ò ní ẹlòmíràn. Má wá jókòó lọ́dọ̀ mi mọ́. Jọ̀ọ́, olólùfẹ́ mi. Tó o bá ń jókòó níbẹ̀, mi ò ní lè ṣe é."

Nígbà tó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Syafiqah lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ náà mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Màmá, kí ni mi ò bá sọ fún àwọn àna mi?" Ó tún dojú kọ fóònù.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Boon Teck ṣì ń wá jẹun, ìpẹ̀kun ọjà lọ́hùn-ún ló ń jókòó, lẹ́yìn òpó, ó ń jẹ ìrẹsì àgbọn ní òun nìkan. Kó tó lọ, á gbé tíréè rẹ̀ sórí pẹpẹ aláwọ̀ ewé, kì í ṣì í mọ́. Ìgò omi kékeré kan á wà lórí rẹ̀, tí kò tíì ṣí. Zaiton á mú un lọ sílé. Kò mu wọ́n. Ó tò wọ́n sójú fèrèsé, wọ́n kún fèrèsé náà. Zaiton ń rí i, òun náà ń rí Zaiton, Àbúrò á máa kọrin kọjá láàárín wọn.

Ó wá ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan pé tíréè ò dé. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta Zaiton lọ bá ẹni tó ń ta tíì.

"Ọ̀gá Omi? Àǹtí, ẹ ò gbọ́ ni? Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Inú lífìtì ni wọ́n bá a."

Zaiton dúró sójú ọ̀nà, ó mú aṣọ ìnutábìlì dání. Àbúrò dé, ó dúró níwájú rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kó yà. Ó bẹ̀ ẹ́ ní Ṣáínà, ní Màláyù, ní Támílì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Zaiton ò yà.

Ìsàlẹ̀ ilé wọn ni wọ́n ti ń ṣòkú náà, níbi tí wọ́n ti ṣègbéyàwó Màláyù lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Zaiton jókòó sí tábìlì ẹ̀yìn pátápátá. Wọ́n gbé ẹ̀pà síwájú rẹ̀. Ọkùnrin kan, mọ̀lẹ́bí ni, bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Àǹtí, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Ẹ̀yin ta ni?"

Kí ni kó sọ? "Ibi tó ti ń jẹun ni mo ti mọ̀ ọ́n."

"Háà, ẹ ṣeun."

"Ìyá rẹ̀ dà?"

"Wọ́n wà lókè. Lọ́dọ̀ wa, ìyá kì í sọ̀ kalẹ̀ wá sìnkú ọmọ."

"Ta ló wà pẹ̀lú wọn?"

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́ni kankan.

Zaiton gun lífìtì lọ sókè kọkànlá, ó bá ìlẹ̀kùn irin ilé náà ní ṣíṣí. Zaiton kígbe salámù, kò gbọ́ ìdáhùn. Ohun tó ń gbọ́ ni gbà-rá, gbà-rá láti ilé ìdáná.

Ìyá náà dúró nídìí síńkì. Ó ti fa òdòdó tu nínú ìkòkò rẹ̀, ó jù ú sórí ìwé ìròyìn. Erùpẹ̀ dé ìgúnpá rẹ̀, erùpẹ̀ wà nínú irun rẹ̀. Ó ń ha agbada. Dúdú yẹn ti lọ.

"Ìkeje rèé," ó ní, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Kó o má sọ pé mi ò kà á. Ìkeje rèé pẹ̀lú erùpẹ̀."

Zaiton sún mọ́ síńkì. "Màmá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ti erùpẹ̀. Omi lásán ni mẹ́fà yòókù."

Ọwọ́ ìyá náà dúró. "Ẹ̀ẹ̀kan?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, Màmá."

"Kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀?" Ó wo agbada náà. Ó ní, "Ó sọ ọ́. Alaalẹ́ ló ń sọ ọ́ fún oṣù mẹ́rin. Èmi ni mi ò fẹ́ gbọ́."

Zaiton ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó ṣí ẹ̀rọ omi. Ìyá náà ń di agbada mú, Zaiton ń da omi sí i, wọ́n jọ ń kà á sókè. Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Márùn-ún. Ó wá pa ẹ̀rọ omi, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìgò kékeré kan jáde. Òun ni Boon Teck gbé sórí pẹpẹ kẹ́yìn. Kò tíì rí ọkàn gbé e sójú fèrèsé.

"Tiẹ̀ nìyí," ó ní.

Ìyá náà fọwọ́ kan ìgò náà. Zaiton rọra dà á yí agbada ká, ó dà á tán.

"Mẹ́fà."

Òróró tuntun kan wà lẹ́yìn àpò ìrẹsì, pẹ̀lú ṣíbí igi tuntun tí wọn ò tíì já lórí páálí. Boon Teck ló rà wọ́n, ó fi wọ́n pamọ́ de Zaiton. Ìyá náà mọ ibi tí wọ́n wà. Ó fọ́ ẹyin méjì. Ẹyin náà lẹ̀ pin-pin mọ́ irin, kò ṣeé yí.

"Ṣó o rí i?" ìyá náà ní. "Ọdún púpọ̀ ló máa gbà kó tó tún dúdú. Mi ò ní ọdún púpọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ná."

Wọn ò lo àwo. Zaiton fọwọ́ ha ẹyin láti inú agbada, ìyá náà wò ó, òun náà fọwọ́ ha á. Agogo ìsìnkú ń dún bọ̀ láti ìsàlẹ̀.

"Aago mélòó lò ń ṣíwọ́ iṣẹ́?"

"Aago mẹ́rin, Màmá."

"Aago márùn-ún ni mò ń jẹun."

"Mo mọ̀. Ó sọ fún mi."

Ẹyin náà ní ìtọ́wò erùpẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n jẹ ẹ́ tán.