Ojú Òwú Mẹ́ta

"Ṣé abẹ́rẹ́ lo fẹ́ ni, àbí àbúrò mi?"

Ohùn Tántì Àràmọ́tù ló kọ́kọ́ wọlé kí àwọn fúnra wọn tó wọlé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni wọ́n. Àdúgbò Albarika ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pariwo ní Albarika, ẹni tó wà ní Zongo lè dá wọn lóhùn. Wọ́n gbé abọ́ ọbẹ̀ tí wọ́n rù wá kalẹ̀ gbì, wọ́n ká aṣọ tí mo fi bo Gàní ọkọ mi sókè, wọ́n sì ń wo ìdí rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹran lórí àtẹ.

"Dókítà ní kí o máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì! Ìwọ jókòó síbẹ̀, ò ń gún aṣọ bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Ìkírámátù, ìwọ ni mò ń bá wí!"

"Mo gbọ́, Tántì. Etí mi kò ṣẹ́. Ẹsẹ̀ Gàní ló ṣẹ́."

"Ẹ gbọ́! Ó tún ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ bí ẹni ń pe ewúrẹ́!"

"Orí bẹ́ńṣì kan náà la jọ jókòó nílé ìwé, Tántì. Orúkọ wo ni kí n tún sọ ọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti yí i padà láàárọ̀ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ yí i lẹ́ẹ̀kẹrin, ọwọ́ ẹ̀yin náà kò ṣẹ́."

Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó mọ̀ pé mo sọ ọ́. Bí ẹnu mi ṣe rí nìyẹn.

"Ẹ̀yin méjèèjì," Gàní sọ láti orí ibùsùn, "orí ara mi lẹ ti ń jà, ẹ bi èmi léèrè ná. Tántì, ó yí mi padà. Ìkírá, bẹ Tántì."

Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n pòṣé, wọ́n sì lọ. Ọbẹ̀ tí wọ́n gbé wá dùn, mi ò ní parọ́.

Ọkọ̀ akóyanrìn ló gbá Gàní lórí zémìjàn rẹ̀, ìyẹn alùpùpù tó fi ń gbé èrò. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì. Nílé ìwòsàn, wọ́n fi irin sí i, wọ́n ní ká máa lọ sílé, pé díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gbádùn. Díẹ̀díẹ̀ yẹn, èmi ni wọ́n gbé e lé lórí. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń da ike ìtọ̀ rẹ̀ nù, èmi ni mò ń yí i padà kí awọ ìdí rẹ̀ má baà bó. Ọmọ ogún ọdún ni mí. Ó tóbi jù mí lọ, bí mo bá sì ti gbé e tán, ọwọ́ mi a máa gbọ̀n débi pé n kò ní rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ yìí gan-an ni ẹ̀mí wa so mọ́. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá Sàlmà ní Zongo. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni Ìyá Sàlmà ń tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ló sì bọ́ sí. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ẹni tó bá fẹ́ gba ìtúsílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: aṣọ ọmọ tuntun tí a fi ìwọ̀ kòròṣẹ́ hun, àpò ìlẹ̀kẹ̀, àti fìlà tí a fi òwú ya ọnà sí yí ká. Bí n kò bá gba ìtúsílẹ̀, n kò lè so pátákó mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, n kò lè gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Gàní kò sì lè gun alùpùpù mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Kí la óò wá máa jẹ? Ọbẹ̀ Tántì àti èébú wọn?

Aṣọ ọmọ ti parí. Àpò ìlẹ̀kẹ̀ ti parí. Fìlà ló kù, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì rẹ̀ ni.

Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Kí ọmọ iṣẹ́ tó fi òwú aláwọ̀ kan fìlà rárá, yóò kọ́kọ́ fi òwú funfun gún ojú mẹ́ta sí inú rẹ̀, ní etí, yóò sì máa pe bísímílà sí ojú kọ̀ọ̀kan. Bísímílà náà là ń pe òwú ọ̀hún. Ẹni tó dé fìlà kò ní rí i láé. "Ọlọ́run ń rí i," ni Ìyá Sàlmà máa ń wí, "èmi náà sì ní awò ojú."

Ní ọjọ́ Àtàláátà, Rùmáísà yà kí wa. Ọmọ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni, àwa méjèèjì ni a jọ fẹ́ gba ìtúsílẹ̀.

"Ìkírá, ojú rẹ ti wọnú bí kànga ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fìlà ńkọ́?"

"Ìdajì. Bí mo bá jókòó tì í, Gàní á fẹ́ omi. Bí mo bá tún jókòó, Gàní á fẹ́ tọ̀. Bí mo bá tún jókòó, oorun á gbé mi."

Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti ń ta fìlà tí ẹ̀rọ rán ní Zongo, lẹ́yìn ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá máa ń gúnlẹ̀ sí? Ọnà wọn kúnná ju ti Ìyá Sàlmà fúnra wọn lọ."

"Ẹ̀rọ kì í pe bísímílà."

"Ìwọ bá a pè é!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ojú òwú mẹ́ta péré. Ta ló máa mọ̀?"

"Ọlọ́run ńkọ́?"

"Ọlọ́run mọ̀ pé ọkọ rẹ ń ṣàìsàn."

Ẹ wo bí èṣù ṣe ń sọ̀rọ̀ ire! Ká ní ó ní kí n jalè ni, ǹ bá lé e jáde. Ó fi àìsàn ọkọ mi bẹ̀ mí ni. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo mọ òwe náà, mo mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ABD. Síbẹ̀, ní ọ̀sán Àlàrùbá, mo fi ìborùn bojú, mo lọ sí Zongo, mo sì ra fìlà aláwọ̀ búlúù kan lọ́wọ́ ọkùnrin tí kò tilẹ̀ wo ojú mi.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ń dúró dè mí. Ó ti ro nǹkan kan, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i.

"Ìkírá, gbọ́. Lọ́la Àlàmísì, má wá sọ́dọ̀ mi rárá. Gbé omi àti ike sí ẹ̀gbẹ́ mi, ti ilẹ̀kùn yàrá kejì mọ́ra rẹ, kí o rán fìlà rẹ. N kò ní pè ọ́."

"Dókítà ní..."

"Dókítà kò mọ̀ pé Àbámẹ́ta ń bọ̀. Ẹsẹ̀ mi ló ṣẹ́, n kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn. Jẹ́ kí n ṣe é."

Fìlà ẹ̀rọ wà lábẹ́ ìborùn mi bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n mú un jáde. Ó yẹ kí n jù ú sílẹ̀, kí n ké, kí n ní "Gàní, wo ohun tí mo fẹ́ ṣe." Ẹnu tó ń dá Tántì lóhùn láìbẹ̀rù, "Ó dáa" péré ló sọ.

Ní òwúrọ̀ Àlàmísì, mo ti ilẹ̀kùn. Mo fi òwú funfun sí abẹ́rẹ́. Bísímílà. Bísímílà. Bísímílà. Kò pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn fi ń mu ife omi. Ó wá kù kí n jáde, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ tètè jáde? Gàní á ní kí ló dé tí iṣẹ́ ọjọ́ kan fi parí lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí n dúró díẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní.

Ìpè ìrun alásárì ló jí mi.

Mo sáré ṣí ilẹ̀kùn. Ike ti dànù. Ibùsùn ti rin gbindin. Òógùn bo ojú ọkọ mi, ó sì fi eyín di etí aṣọ ìbora mú kí igbe má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó tu aṣọ náà jáde, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣé o parí?"

"Mo parí."

"Gbé e wá, kí n rí i."

Mo gbé e fún un. Ó ń fi ìka tọ ọnà náà láti etí dé etí. Ó mú ọwọ́ mi, ó ń wo orí ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọwọ́ yìí," ó wí. "Ọwọ́ yìí á mà dùn ọ́ o." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó rò pé àárẹ̀ ni.

Nígbà tí mo wẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, mo rí i: awọ ìdí rẹ̀ ti bó, ó pupa, ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò.

Ní Àbámẹ́ta, àgbàlá Ìyá Sàlmà kún. Àwọn òbí jókòó, àwa ọmọ iṣẹ́ wọ funfun. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, Gàní ni mo rí, tí Tántì Àràmọ́tù àti awakọ̀ kan ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó jáde nílé nìyẹn. Orí ìrọ̀rí ni wọ́n gbé e jókòó lé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí egbò.

Tántì wá bá mi tààrà. Mo múra ìjà. Wọ́n gbá mi mọ́ra.

"Gàní ti sọ fún mi. Láti àárọ̀ títí di alásárì, o kò gbé orí sókè! Ẹnu rẹ mú bí abẹ, aya wa, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ni ọ́. Má bínú sí mi."

Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà, ǹ bá bọ́ sínú rẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni.

Ìyá Sàlmà pè mí. Wọ́n na aṣọ ọmọ, wọ́n mi orí. Wọ́n fa ìlẹ̀kẹ̀ àpò, kò já, wọ́n mi orí. Wọ́n gbé fìlà, wọ́n yí inú rẹ̀ síta. Wọ́n ti awò ojú sókè.

"Ìkírámátù."

"Ìyá."

"Bísímílà rẹ wà lókè."

"Ẹ̀n?"

"Òwú funfun wà lórí òwú búlúù. Bísímílà àwọn yòókù, ọnà ló bò ó, abẹ́rẹ́ ni mo fi ń wá a. Tìrẹ gun orí ọnà bí adìyẹ tó gun òrùlé. Ta ló ń pe bísímílà lẹ́yìn tó jẹun tán?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Rùmáísà ń wo ilẹ̀.

"Ta ló rán an?"

"Ẹ̀rọ ni, Ìyá. Ọkọ mi... ẹ jọ̀ọ́, mo ní tèmi. Mo ní in!"

Ìdajì fìlà mi wà nínú àpò aṣọ mi. N kò lè fi í sílé kí Gàní má baà rí i. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n yí i síta, wọ́n fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ wá abẹ́ ọnà títí wọ́n fi rí funfun. Ojú wọn rọ̀. Ìyẹn ló burú jù.

"Bísímílà rẹ nìyí. Ṣé o rò pé n kò mọ̀ pé o ní aláìsàn nílé? Ká ní ìdajì yìí lo gbé wá, tí o ní, 'Ìyá, ibi tí agbára mi mọ nìyí,' ìwọ ni ǹ bá kọ́kọ́ tú sílẹ̀ lónìí. Iṣẹ́ tí kò parí, a lè parí rẹ̀. Iṣẹ́ tí a fi orúkọ Ọlọ́run parọ́ sí ńkọ́, níbo la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀?" Wọ́n ká ìborùn funfun ìtúsílẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ tèmi, wọ́n dá a padà sínú àpótí. "Ó di àmọ́dún."

"Ìkírá."

Ohùn Gàní kò le. Gbogbo àgbàlá yíjú sí i.

"Ní Àlàmísì, nígbà tí n kò pè ọ́. Kí lo ń ṣe nínú yàrá?"

Mo wò ó, bó ṣe fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó lórí ìrọ̀rí yẹn. Irọ́ ti tán lọ́wọ́ mi.

"Mo sùn."

Ó na ọwọ́. Èmi kọ́ ló nà án sí.

"Tántì, ẹ gbé mi. Láti òní lọ, ẹ̀yin ni kí ẹ máa wẹ̀ mí."