Òkúta Odò Tí Wọ́n Pè Ní Tòkun

Òkúta kan ń làágùn lórí tábìlì Ìyá Olókùúta. Ọ̀sán gangan ni, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti fi aṣọ nù ún lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ omi ń sun lára rẹ̀ bí ara ẹni tí ibà mú.

Òkúta dídán tí omi ti fọ̀ ló ń tà fún àwọn tó ń ṣe ọgbà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n tó o. Á fi ọ̀kan lé ahọ́n, á ní tòkun ni, iyọ̀ wà lára rẹ̀. Tàbí pé todò ni, adùn ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Kì í ṣìṣe. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ahọ́n náà ti kú. Ata àti omi, ìkan náà ni. Kò sọ fún ẹnì kan. Ta ní ń polówó pé ọjà òun ti bàjẹ́?

Ọkọ àbúrò rẹ̀ ló ń bá a ṣa òkúta wá. Ìṣe àwọn tó ń ṣa òkúta ni pé ẹni tó bá ń jáde á fi ẹyọ òkúta kan tó ti ṣà rí láti ibi tó ń lọ sínú abọ́ ìyàwó rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n á wá a sí bí kò bá dé. Ọkùnrin náà lọ, kò dé. Àbúrò gbé òkúta inú abọ́ wá, ó nà án sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, odò ni àbí òkun?"

Èrò ti kún ẹnu ọ̀nà. Olókùúta òdìkejì títì wà níbẹ̀, ó ń fi imú rẹ́rìn-ín, ó ní kí àwọn wò ó bóyá ahọ́n àgbà ṣì mú. Ìyá Olókùúta lá òkúta náà. Bí ẹni lá afẹ́fẹ́. Ó yẹ kó ní òun ò mọ̀. Ojú tì í.

"Òkun ni," ló wí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni gbogbo àdúgbò fi wá ọkùnrin náà létí òkun. Ọjọ́ kẹta yẹn gan-an ni òkúta inú abọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn lórí tábìlì.

Bó ṣe gbé aṣọ láti tún un nù, ẹnì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ àbúrò rẹ̀ ni. Aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lára, omi ń kán, ilẹ̀ ò sì tutù. Ìyá Olókùúta fẹ́ figbe pe èrò. Ọkùnrin náà rọra dá a dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un lá."

Ó lá a. Ẹrẹ̀ kún ẹnu rẹ̀, ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà.

"Odò ni," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Odò ni. Gbòǹgbò igi ni mo dì mú. Mo ń gbọ́ tí ẹ̀ ń kọjá lọ sí òkun. Ohùn mi ò jáde mọ́," ni ọkùnrin náà wí.

Ó gbójú sókè, kò sẹ́nì kankan. Àbúrò rẹ̀ ló sáré wọlé, orí rẹ̀ lásán, láìwé gèlè. Wọ́n ti rí ọkọ rẹ̀ létí odò. Àwọn tó gbé òkú rẹ̀ ní ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ká ní wọ́n dé láàárọ̀ ni, wọn ì bá bá a láàyè.

Ìyá Olókùúta la ẹnu láti jẹ́wọ́. Àbúrò dì mọ́ ọn.

"Ẹ má da ara yín lẹ́bi. Òun ló yí ọ̀nà padà tí kò sọ fún mi. Ahọ́n yín kì í ṣìṣe."

Ìyá Olókùúta mi orí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Adùn ẹrẹ̀ yẹn ò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí dòní. Ó ń jẹun lé e lórí.