Ilé Funfun Orí Bulọ́ọ̀kù

"Ìwọ lo pa á! Ọwọ́ ẹ yìí lo fi to bulọ́ọ̀kù yẹn, ọwọ́ ẹ yìí lo fi pa ọkọ mi!"

Àpèkẹ́ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá Fẹ́sítáàkì. Ó ti di ọrùn ẹ̀wù Fàtáì wẹ́dà mú, kọ́ńsítébù méjì ń fà á, wọn ò rí i já. Fàtáì fúnra rẹ̀ ò jà. Ó dúró bí àgbò tí wọ́n ti so mọ́lẹ̀ de Iléyá, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ fi í sílẹ̀. Òkú kan ti tó wa."

Ẹni tó sọ̀rọ̀ yìí ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Adéníkẹ́, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè, tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ń sá fún ẹnu rẹ̀. Àpèkẹ́ jọ̀wọ́ ẹ̀wù náà, ó wó lu bẹ́ǹṣì. Bàbá kan tó wọ agbádá funfun tètè gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ọlábánjí ni, ọ̀rẹ́ olóògbé láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jọ ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba.

"Ìyàwó, rọra," ló wí. "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹni tó ń jẹ nínú àwo yín ló ṣe é."

Oṣù keje ọdún 1984 ni. Òjò ò dá, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò, omi irà sì ti gun títì lẹ́yìn Kúje, àdúgbò tó kángun sí Fẹ́sítáàkì, ó ń rùn.

Ọláìtán, ọkọ Àpèkẹ́, awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ra kàráfáànù kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé: ilé kékeré funfun, roboto bí ẹyin, tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Èèyàn méjì lè sùn sínú rẹ̀ bí wọn ò bá ń jà. Ọ̀nà ọlọ́dà ni òyìnbó ṣe é fún, ṣùgbọ́n inú igbó ni Ọláìtán fẹ́ máa wọ́ ọ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Fàtáì ní Kúje, pé kó jó irin tí yóò gbé e ga, kó pààrọ̀ sípíríìnì, kó fi táyà Láńdíróbà sí i kí ìdí rẹ̀ má máa họ ilẹ̀. Àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bàbá tó ní fúláàtì gidi ní Fẹ́sítáàkì ń wá ibi tí ẹ̀fọn á ti jẹ ẹ́. Fàtáì pàápàá bá a jà lórí ẹ̀, ariwo wọn dé ojú títì. Fàtáì ní bí ilé náà bá fi lè ga jù, kòtò àkọ́kọ́ ni yóò dojú rẹ̀ dé. Bàbá ní òun ti ń sùn nínú igbó kí wọ́n tó bí i.

Ohun tí bàbá fẹ́ náà ni wọ́n ṣe: wọ́n tú ilé náà kúrò lórí irin onítáyà tó gbé e, wọ́n gbé e lé bulọ́ọ̀kù títò. Láàárọ̀ àná, wọ́n bá Ọláìtán lábẹ́ rẹ̀, ó ti kú, bulọ́ọ̀kù ti wó kalẹ̀.

Ọlábánjí ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní òun wá kí ọ̀rẹ́ òun ni, òun sì bá ilé náà lórí rẹ̀, kò sí ẹlòmíì ní ṣọ́ọ̀bù. Fàtáì ní òun lọ ra gáàsì ní Máìlì Tú, ṣùgbọ́n ta ni ẹlẹ́rìí rẹ̀?

"Mo ti èjìká bọ abẹ́ ilé yẹn, ọmọ mi," ni Ọlábánjí wí fún Adéníkẹ́. "Mo tì í títí ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán, kò mira. Odidi ilé ni. Agbára ọkùnrin kan ò ká a."

Ó ní òun sáré jáde, òun ké sí àwọn tó tò lórí ìlà ní ibùdókọ̀ bí sójà ti pàṣẹ. Bí ọkùnrin mẹ́wàá ló rọ́ dé, tí wọ́n gbé e kúrò.

Lójú ọ̀gá àgọ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Fàtáì bá bàbá jà, Fàtáì to bulọ́ọ̀kù, bulọ́ọ̀kù wó. Lọ́jọ́ kejì ni wọn yóò gbé e lọ sílé ẹjọ́, ẹni tó bá sì ti ibẹ̀ wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà ìjọba sójà yẹn, àdúrà ni kí ará ilé rẹ̀ máa gbà. Làtífátù ìyàwó rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi níta pẹ̀lú oyún tó ti sọ̀ sílẹ̀. Òjò ń pa á. Wọ́n ní kó wọlé, ó kọ̀.

Adéníkẹ́ pe Fàtáì sínú ọ́fíìsì. Gbogbo ohun tó bi í, ìdáhùn kan náà ni: bóyá òun ò tò ó dáadáa ni, bóyá ọwọ́ òun ni.

"Nu imú ẹ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin mélòó lẹ gbé ilé yẹn kúrò lórí irin?"

"Èmi àti bàbá ni, Màdáámù. A kọ́kọ́ tú bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù inú ẹ̀ dànù. Mo gbé iwájú sókè, bàbá ti bulọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹ̀. Bàbá náà gbé ẹ̀yìn, mo ti tèmi."

Bírò dúró lọ́wọ́ Adéníkẹ́. "Ta ló bá bàbá gbé ẹ̀yìn?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Ó tún ń kọrin."

"Kí ló dé tí o ò sọ èyí látàná?"

"Ẹnikẹ́ni ò bi mí, mà. Èmi ṣáà rò pé bulọ́ọ̀kù ló bọ́ lù ú."

Adéníkẹ́ gbé agboòrùn, ó lọ síbi tí wọ́n tẹ́ òkú sí. Iwájú orí Ọláìtán ń dán, kò sí ojú ọgbẹ́ kan níbẹ̀. Ìpàkọ́ ló fọ́. Ó bi dókítà léèrè bóyá ilẹ̀ tó ṣubú lé lè fọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Dókítà ní àfi bó bá jẹ́ òkúta. Iyanrìn ló sì wà ní ṣọ́ọ̀bù Fàtáì, iyanrìn òkun tí wọ́n fi kún irà, tí ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀ títí dé kókósẹ̀.

Láti ibẹ̀ ó gba fúláàtì Àpèkẹ́ lọ. Àwọn aládùúgbò kún pálọ̀, oúnjẹ tí Ọlábánjí fi ránṣẹ́ wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Adéníkẹ́ ní ibo gan-an ni ọkọ rẹ̀ fẹ́ wọ́ ilé náà lọ?

Àpèkẹ́ sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Abúlé kan wà lódìkejì irà tó ń ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ọkọ òun àti Ọlábánjí ló ri òkúta ààlà ilẹ̀ náà nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, ẹnì kan sì ti hú u, ó ti gbé e síwájú. Àwọn méjèèjì nìkan ló ṣì mọ ojú ihò àkọ́kọ́. Ọ̀nà mọ́tò ò dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbé ìrìn mọ́. Yóò gbé ilé rẹ̀ débẹ̀, yóò máa sùn níbẹ̀, títí adájọ́ yóò fi wá fojú ara rẹ̀ rí i.

"Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ bínú," ni Àpèkẹ́ wí.

"Kí ló fẹ́ bí i nínú?"

Obìnrin náà wo oúnjẹ orí tábìlì. "Orí ilẹ̀ yẹn ni Bọ̀dá Bánjí kọ́lé sí."

Bí ilẹ̀ ti mọ́, kí ọkọ̀ ilé ẹjọ́ tó dé, Adéníkẹ́ kó gbogbo wọn lọ sí Kúje. Fàtáì wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ilé funfun náà jókòó sórí iyanrìn, òjò ń ṣàn lára rẹ̀. Adéníkẹ́ bẹ Ọlábánjí pé kó jọ̀ọ́, kó fi hàn wọ́n bó ti ṣe gbìyànjú láti gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ là.

Bàbá ká agbádá lé èjìká. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti èjìká mọ́ ilé náà, ó mí kanlẹ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ le. Ilé ò mira.

"Ṣé o rí i?" ló wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo rí i, sà. Ẹ ṣé. Ìyá, ẹ bá mi gbé e."

Àpèkẹ́ wò ó bí ẹni pé ó fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ etí ilé náà, ó sì dìde pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹni gbé ẹrù igi. Ó gbé e dúró níbàdí.

"Fáíbà ni, bàbá," ni Adéníkẹ́ wí, "ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi. Ẹ rí i tó tóbi, ẹ rò pé ó wúwo bó ti tóbi. Ẹ ò fọwọ́ kàn án rí. Ẹsẹ̀ lẹ fi ti bulọ́ọ̀kù tó fi wó bo òkú. Èèyàn mẹ́wàá ló wá gbé e, ohun tí èèyàn mẹ́wàá bá sì jọ gbé, kò sẹ́ni tó ń mọ ìwọ̀n ẹ̀. Fàtáì ti gbé e rí. Bó bá jẹ́ òun ni, kò ní fi igbá bo òkú kó wá ní òkè ló wó lù ú. Ìpàkọ́ Ọláìtán ló fọ́, orí iyanrìn rírọ̀ ló sì dùbúlẹ̀ lé, ó kọjú sókè. Ohun tó pa á ò ti òkè wá. Ẹ̀yìn lẹ ti gbá a."

"Ìwọ ọmọ kékeré yìí," ni Ọlábánjí wí, "o mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Mo mọ ibi tí ẹ kọ́lé sí, sà."

Kọ́ńsítébù tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Fàtáì. Nígbà tí Ọlábánjí rí i pé òun ni wọ́n ń gbé e bọ̀ wá dè, ó yíjú sí Àpèkẹ́.

"Ìyàwó, mo bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ ẹ nínú iyanrìn yìí, èmi àgbàlagbà. Mo ní àwọn ọmọ mi ló wà nínú ilé yẹn. Ó ní òkúta ò ní í parọ́ nítorí ọ̀rẹ́. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ìyàwó, ó kọ ẹ̀yìn sí mi bí ẹni pé—"

Àpèkẹ́ sọ ilé náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó nu iyanrìn ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. Ó sì fọ́ ọ létí.